Àrọ̀ inú odò Willamette: ṣé ó ṣe é jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni mò ń gbé. Mo máa ń fi ìwọ̀ pa àrọ̀ nínú odò Willamette, níbi èbúté. Omi náà mọ́ lójú, ẹja rẹ̀ sì sanra. Ìyàwó mi lóyún, ó sì fẹ́ràn ọbẹ̀ ata àrọ̀. Bí a bá yan ẹja náà ká tó sè é, ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín fẹnu kàn án. Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ ẹ́.

Omi lè mọ́, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kò mọ́. Létí èbúté yẹn ni wọ́n ti máa ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà kan rí, tí wọ́n ń fi ọ̀dà kun igi kó má baà jẹrà, tí wọ́n sì ń ṣe oògùn apakòkòrò. Amẹ́ríkà fòfin de DDT, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan, ní 1972, ó fòfin de PCB, ìyẹn èròjà olóró tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná, ní 1979, àmọ́ èyí tó ti rì sínú ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní 2000 ni ìjọba àpapọ̀ kọ èbúté náà mọ́ ibi tí ìdọ̀tí olóró rẹ̀ burú jù. Ní 2017 ni wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe wa ẹrẹ̀ náà kúrò níbì kan, tí wọn yóò sì da iyanrìn bò ó níbòmíràn, lórí nǹkan bíi máìlì 10.

PCB kì í fẹ́ yòrò nínú omi; ẹrẹ̀ àti ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ á gbé e mì, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́, oró náà á sì máa pọ̀ sí i. Ẹyẹ osprey tó ń jẹ ẹja náà kò bọ́: DDT ń sọ èèpo ẹyin rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bó bá sàba lé e, á fọ́. Àrọ̀ ní tirẹ̀, inú ẹrẹ̀ gan-an ló ti ń wá oúnjẹ.

Iná ìdáná kò lè pa PCB. Ọ̀rá tó ń dán lójú ọbẹ̀ ata yẹn ni ó máa ń wà, àti orí àrọ̀ tí gbogbo wa ń jìjàdù. Ó ń gba inú ìyá dé ara ọmọ, ó ń gba inú ọmú pẹ̀lú, ó sì lè pa ọpọlọ ọmọ lára.

Ẹ máa pẹja yín, kò burú. Ẹ kàn dá àrọ̀ àti àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní carp àti bass padà sómi, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ẹja salmon lẹ pa, ìyẹn yàtọ̀: inú òkun ló ti ń dàgbà, ó kàn ń gba èbúté kọjá ni. Ní ti èyí tí ẹ ti jẹ, ẹ má páyà, ṣùgbọ́n kí ìyàwó yín sọ ọ́ fún dókítà tó ń tọ́jú oyún rẹ̀.