Òkúta dúdú tó ń fa ìlà pupa: ṣé irin wà nínú rẹ̀?

Ẹ ní ẹ rí òkúta dúdú kan ní Kubwa, ní Abuja, ó wúwo, ẹ fi ha sìmẹ́ńtì, ìlà pupa ló fà. Ó jọ pé hematite ni, ìyẹn irin àti ọ́síjìn tó so pọ̀. Ìlà yẹn ni mo gbára lé, torí ojú òkúta máa ń tanni jẹ. Hematite lè dúdú kó sì máa dán, àmọ́ tí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, pupa rúsúrúsú ni, bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn táìsì, níbi tí kò dán.

Ẹ wá mú mágnẹ́ẹ̀tì, kódà tinú sípíkà tó ti bàjẹ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ òkúta náà gírígírí, tí ìlà rẹ̀ sì dúdú, magnetite nìyẹn, òkúta mìíràn tí irin wà nínú rẹ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ fẹ́ jọ àwọ̀ ìyeyè ni goethite, tí irin wà nínú òun náà. Omi wà nínú tiẹ̀. Tí iná bá lé omi náà jáde, á di hematite pupa. Ìdí kan nìyẹn tí búríkì alámọ̀ fi ń pọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún.

Hematite àti goethite yìí kan náà ló kun yangí Abuja ní pupa, nítorí náà ẹ má tíì lọ háyà katakata o! Nínú 100 kìló hematite gidi, nǹkan bíi 70 ni irin. Ti Itakpe ní Kogi, tí hematite àti magnetite ti pò mọ́ òkúta mìíràn, kò ju nǹkan bíi 36 lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ ọ, kí wọ́n ṣà á, kó tó wúlò.