Èsì: Koríko gọ́ọ̀fù tí àrùn ò ní lè mú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè pé ṣé wọn ò lè yí jíìnì (àbùdá àjogúnbá) koríko pápá gọ́ọ̀fù tí ẹ ń tọ́jú ní New Jersey padà, kí àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní dollar spot yé mú un, kí ẹ lè sinmi oògùn fífín.

Wọ́n ti gbìyànjú irú ẹ̀. Ní Michigan State University, wọ́n mú jíìnì kan lára igi elm, wọ́n fi sínú creeping bentgrass, ìyẹn koríko pápá gọ́ọ̀fù kan. Iṣẹ́ jíìnì náà ni láti gé èròjà tó di ògiri ara fọ́ńgọ́ọ̀sì mú. Díẹ̀ nínú koríko yẹn dúró gbọin níwájú brown patch, àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì míì.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni wàhálà tó wà ńbẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gbé e kiri, tòun ti jíìnì tuntun inú ẹ̀. Ní Oregon ní 2003, wọ́n gbin bentgrass tí oògùn apakoríko glyphosate ò lè pa. Lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ fò dé kìlómítà 21, koríko ọ̀hún sì hù sínú igbó àti etí ipa omi. Àgbàdo, kì í lò ju ọdún kan lọ kó tó kú. Koríko yìí kì í tètè kú, ṣe ló ń rá lọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ní báyìí, ẹ jáde ní ìdájí. Bí ẹ bá rí òwú funfun bíi ti aláǹtakùn lórí ìrì, tí àwọ̀ ewé sì ti ṣá lójú kan, tí etí ojú ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, dollar spot nìyẹn. Ẹ wọ́ okùn gígùn kọjá lórí ẹ̀ kí ìrì lè dànù, ẹ má jẹ́ kí ajílẹ̀ naitirójìn wọ́n nílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ tún gbìn, ẹ ra irú tí wọ́n ti ṣà yàn torí àrùn yìí, láìfọwọ́ kan jíìnì rárá.