Èsì: Ṣé kí a dá àìsùn dúró ní ìjọ wa n'Íkọ̀lé?

Ẹ kú àníyàn, ará Ìkọ̀lé. Ẹ bi mí bóyá kí ẹ dá ìsìn àìsùn dúró nítorí ìbẹ̀rù àwọn agbébọn. Ẹ má dá àìsùn dúró pátápátá. Ẹ gbé e wá sí ìrọ̀lẹ́, kí oníkálukú lè délé kílẹ̀ tó ṣú. Nítorí pé ẹ ní ẹ̀bá igbó ni ṣọ́ọ̀ṣì yín wà ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín ìlú ni, ẹ lè máa bá òru lọ pẹ̀lú ọdẹ.

Àmọ́ ojúmọmọ nìkan kò tó. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 5 Òkúdu 2022, ni wọ́n fi ìbọn àti bọ́ǹbù kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier l'Ọ́wọ̀, tí nǹkan bí 40 èèyàn kú. Ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà:

1. Ẹ yọ àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà ìsìn, kí èèyàn lè rí ibi sá jáde. Ẹ dákun, ẹ má fojú kékeré wo èyí.
2. Kí ẹni méjì máa ṣọ́ ìta, kí nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àti 112 wà lórí fóònù wọn.

Ní ti pásítọ̀ yín, kó má dá rin ọ̀nà oko lálẹ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pa Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, ọba méjì ní Èkìtì, ní Ṣẹ́rẹ́ 2024, bí wọ́n ṣe ń ti òde bọ̀.