Oats sààrì àti kóró dàbínò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ ní oats yín máa ń ṣù bí ẹ̀bà àná, pé ebi tún ń pa àwọn ọmọ kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ wá ń béèrè irú èso gbígbẹ tó yẹ kí ẹ fi sí i. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oṣù ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe nílé ọkọ ní Ìlọrin, ìyá ọkọ mi ní kí n se nǹkan gbígbóná fún sààrì. Ògì ti tán. Mo gbé omi kaná, ó ń hó kùtùkùtù, mo da oats lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣù. Bí mo ṣe ń fi ọmọrogùn tẹ̀ ẹ́ ni ìsàlẹ̀ ń jóná. Kí ojú má baà tì mí, mo ki odidi dàbínò (làbídùn tiwa náà ni) bọ inú rẹ̀. Bàbá ọkọ mi bu ṣíbí kan sẹ́nu, gbogbo ilé gbọ́ káú! Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn tu kóró náà sọ́wọ́, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní kí n lọ gbìn ín. Títí dòní, bí mo bá gbé abọ́ kalẹ̀, ẹnìkan á béèrè bóyá igi náà ti hù.

Màmá tí mo ń rà á lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Ọba ló kọ́ mi pé kí n máa la ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì kí n tó fọ̀ ọ́. Kì í ṣe torí kóró nìkan. Kòkòrò a máa wọnú rẹ̀, ẹ óò rí nǹkan dúdú bíi lúbúlúbú níbẹ̀. Ẹ jù ú nù. Èyí tó le, tí kò wọ́n, tó fún sísè.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Lálẹ́, mo máa ń rẹ dàbínò bíi mẹ́jọ tí mo ti yọ kóró rẹ̀ sínú ife omi mẹ́ta. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo á fi ọwọ́ fọ́ ọ, omi náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, adùn á ti wọ̀ ọ́. Inú omi tútù yẹn gan-an ni mo ń da ife oats kan ààbọ̀ sí, kí n tó tan iná rárá. Ibẹ̀ ni àṣírí wà, ẹ̀gbọ́n. Tí omi tó ń hó bá kọlu oats lójijì, ẹ̀yìn rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, inú rẹ̀ á gbẹ. Iná kékeré, iyọ̀ bíńtín, ẹ máa rò ó. Èyí tó nípọn á gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ti oníkánjú tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, méjì ti tó. Bí ọyẹ́ bá ń jà, mo máa ń gún atalẹ̀ àti kànáfùrù méjì sí i.

Èso àjàrà gbígbẹ náà dára, àmọ́ ó wọ́n, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná ni kí ẹ dà á sí i. Èmi tètè dà á, ó wú bí eégbọn, àwọn ọmọ sá. Máńgòrò gbígbẹ tó kan díẹ̀ ti mú kí mílíìkì mi dì rí, nítorí náà ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ ná kí ẹ tó da mílíìkì sí i.

Ní ti ebi aago mẹ́wàá, oats àti omi lásán ò lè gbé ọmọ dé ọ̀sán. Ẹ fi ẹ̀pà gígún sí i, tàbí òfio. Wàrà ni mo ń gé sí ti àbíkẹ́yìn mi. Ọkọ mi ní irú oúnjẹ wo nìyẹn, síbẹ̀ ó máa ń jẹ àjẹkù rẹ̀.

Tí alátọ̀gbẹ bá wà nínú ilé, ẹ má fi dàbínò tan ara yín o. Ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ṣúgà ni. Ẹyọ kan péré ni mo ń gé sí ti ìyá ọkọ mi, ẹ̀pà ló ń pọ̀ níbẹ̀.

Tó bá ṣì ń ṣù lẹ́yìn èyí, ẹ sọ irú oats tí ẹ rà fún mi, àti bí iná yín ṣe pọ̀ tó.