Oúnjẹ Aṣaralóore Ni Mò Ń Jẹ, Kí Ló Dé Tí Mo Tún Ń Sanra Sí I?

Ìbéèrè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ẹni ọdún 43 ni mí. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo pinnu láti tún oúnjẹ mi tò. Mo jáwọ́ nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ tútù tí mo da òróró ólífì sí lórí, ẹ̀pà, kajú, èso oríṣiríṣi, àti oyin dípò ṣúgà. Láràárọ̀, mo máa ń lọ èso mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀, màá sì mu ún kí n tó kúrò nílé. Kàkà kí n fúyẹ́, kìlógíráàmù 3.5 ni mo fi wúwo sí i, aṣọ tí mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti ń há mi ní ìbàdí. Ọkọ mi ní kí n kúkú padà sí oúnjẹ mi àtijọ́. Àbúrò mi obìnrin ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àìsàn kan ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìsapá, ẹ sì kú ìfaradà. Kí èèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu fún oṣù mẹ́rin gbáko, kí òṣùwọ̀n má sì gbè é, kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ọkọ yín: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má padà. Oúnjẹ tí ẹ yàn dára ju èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ, ọkàn yín àti ìfun yín sì ń jàǹfààní rẹ̀ bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ fi í hàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé oore tí oúnjẹ ń ṣe fún ara lọ́tọ̀, iye agbára tó ń kó wọ inú ara lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ fi rọ́pò oúnjẹ àtijọ́ jẹ́ oúnjẹ tó dára gan-an, tí agbára inú rẹ̀ sì tún pọ̀ gan-an.

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára yìí. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, yálà inú òróró ólífì ló ti wá tàbí inú bisikíìtì tí ẹ ti fi sílẹ̀. Gíráàmù kan èròjà afúnnilókun tàbí purotéènì ní 4 péré. Ara kì í bèèrè ibi tí kálórì ti wá kó tó kó àṣẹ́kù rẹ̀ pamọ́. Ṣíbí ìjẹun kan òróró ólífì tó nǹkan bíi kálórì 120. Bí ẹ bá ń da òróró sórí ẹ̀fọ́ tààrà láti inú ìgò, ó rọrùn kí ṣíbí mẹ́ta ti lọ kí ojú yín tó rí i, àwo ẹ̀fọ́ tí ewé inú rẹ̀ kò ju kálórì 50 lọ á sì di oúnjẹ tó lé ní kálórì 400. Ẹ̀pà tàbí kajú tí kò ju gíráàmù 30 lọ, ìyẹn ìwọ̀nba tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbá, ní nǹkan bíi kálórì 170. Àwo kékeré tó gba gíráàmù 100, tí èèyàn ń tọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣiṣẹ́, lé ní 550.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín wò. Kìlógíráàmù ọ̀rá ara kan dúró fún nǹkan bíi kálórì 7,700. Bí gbogbo 3.5 tí ẹ fi wúwo sí i bá jẹ́ ọ̀rá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kálórì 27,000. Tí a bá pín in sí ọjọ́ 120, kò ju 225 lọ lójúmọ́. Ṣíbí òróró méjì ti tán an. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nìyí, nítorí ó jẹ mọ́ bí ẹ ṣe ń dá ara yín lẹ́bi: ẹ kò di alájẹkì. Ẹni tó jẹ àjẹkì máa ń mọ̀ lára, ṣùgbọ́n kò sí ikùn tó lè sọ fún olówó rẹ̀ pé kálórì 225 ti lé.

Ọ̀rọ̀ èso lílọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì bá wà lára èso márùn-ún tí ẹ ń lọ̀, ife yẹn lè súnmọ́ kálórì 400, ẹ ó sì mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá ní kí ẹ jókòó jẹ èso márùn-ún kan náà lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti yó kí ẹ tó dé ìkẹta, nítorí pé jíjẹ lẹ́nu ń gba àkókò, àkókò yẹn ni ikùn sì fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó tó. Ohun tí a ń mu kì í tẹ́ ikùn lọ́rùn bí ohun tí a ń jẹ. Ní ti oyin, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí oògùn, ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan oyin ní kálórì bíi 60, ó sì ju ti ṣíbí ṣúgà lọ nítorí pé ó wúwo jù ú. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ka oyin àti omi èso tí wọ́n fún mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, èyí tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń jẹ lójúmọ́, tó sì dára bó bá lè wà lábẹ́ ìdá 5.

Kí ẹ má ba à rò pé ẹ̀yin nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ní ọdún 1992 àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò èèyàn 10 tó gbà pé bó ti wù kí oúnjẹ àwọn kéré tó, àwọn kì í fọn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ àti àyẹ̀wò wọn ohun tó ń lọ nínú ara wọn, wọ́n rí i pé ara wọn ń lo agbára bó ṣe yẹ, àmọ́ iye oúnjẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ohun tí wọ́n jẹ ní tòótọ́, iṣẹ́ ara tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì fi ìdá 51 pọ̀ jù. Èmi kò kà wọ́n sí òpùrọ́ rárá. Ojú èèyàn kò dára ní wíwọn oúnjẹ ni, pàápàá oúnjẹ tí ọkàn ti gbà pé kò lè ṣe òun ní ibi.

Ẹ kò mẹ́nu kan oúnjẹ inú páálí, ṣùgbọ́n bó bá wà lára oúnjẹ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bíi "kò ní ṣúgà" tàbí "ọ̀rá rẹ̀ kéré" tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tàn yín. Ẹ yí ẹ̀yìn páálí wò, kí ẹ ka iye kálórì àti ìwọ̀n tí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Àwọn kan á ti máa sọ fún yín pé ẹni tó bá ti lé ní 40, ara rẹ̀ kì í jó oúnjẹ mọ́. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2021, tí èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé láti ẹni ọdún 20 sí 60, bí ara ṣe ń lo agbára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, lẹ́yìn tí a bá ti wo bí ara ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ohun tó sábà máa ń yí padà ní sáà tiyín ni pé iṣan ara ń dín kù bí a kò bá lò ó, oorun ń já, ọ̀rá sì ń ṣí lọ sí ikùn bí nǹkan oṣù bá ti fẹ́ máa dáwọ́ dúró. Oorun tí kò tó ń mú kí ebi pa èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà bí ẹ kì í bá sùn tó wákàtí méje, ó yẹ kí ẹ kà á mọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò yín, nítorí pé kò jẹ̀bi. Àwọn àìsàn kan wà tó ń mú èèyàn sanra. Bí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn kò bá ṣiṣẹ́ tó, ó sábà máa ń rẹ èèyàn, òtútù á máa mú un nígbà tí kò mú ẹlòmíràn, awọ ara á gbẹ, ìgbẹ́ á le, nǹkan oṣù sì lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Ó dára kí ẹ mọ̀, síbẹ̀, pé ìsanra tí táírọ́ìdì nìkan ń fà kì í sábà pọ̀, omi àti iyọ̀ tí ara há mọ́ra ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ ni kí ara máa pèsè họ́mọ́ọ̀nù cortisol ní àpọ̀jù: ojú á rí roboto, ikùn á yọ nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ń tín-ín-rín, ìlà fífẹ̀ tó pọ́n á hàn lára ikùn. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sì fojú fo oyún bí nǹkan oṣù yín bá ti ń yí ọjọ́ padà.

Oògùn gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè, nítorí àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀. Prednisolone tí wọ́n ń lò fún ikọ́ fée àti oríkèé wíwú, insulin, àwọn oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan, olanzapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, mirtazapine tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́, valproate tí wọ́n ń lò fún wárápá, àti abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta, gbogbo wọn ló lè mú èèyàn wúwo sí i. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ní àsìkò tí ẹ yí oúnjẹ padà, ẹ lè máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru oúnjẹ láìmọ̀. Ẹ kàn sí ẹni tó kọ ọ́ fún yín, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín, nítorí pé dídá irú oògùn bíi prednisolone dúró lójijì léwu gidigidi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú sìgá náà sábà máa ń fi bíi kìlógíráàmù 4 sí 5 wúwo sí i láàárín ọdún kan, èrè tó wà nínú ìjáwọ́ yẹn sì ju ìsanra náà lọ fíìfíì.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni pé fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò ní yọ oúnjẹ kankan kúrò. Màá kàn máa fi ṣíbí wọn òróró àti oyin, màá fi òṣùwọ̀n kékeré wọn ẹ̀pà àti kajú, màá sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, títí kan èyí tí mo tọ́ wò nígbà tí mo ń dáná. Lẹ́yìn náà ni màá fi òróró mọ sí ṣíbí kan lórí àwo ẹ̀fọ́ kan, ẹ̀pà sí ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́, màá máa fi eyín jẹ èso dípò kí n máa lọ̀ ọ́, màá sì fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja kún oúnjẹ àárọ̀ kí ebi má ba à tètè pa mí. Ẹ máa gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹ ohunkóhun, kí ẹ sì fi ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan wé ti ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí pé láti òní sí ọ̀la, omi, iyọ̀, nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tàbí eré ìdárayá tuntun tí iṣan kò tíì mọ̀ lè yí òṣùwọ̀n padà pẹ̀lú kìlógíráàmù 1 tàbí 2 láìsí ọ̀rá kankan nínú rẹ̀. Ẹ wọn ìbàdí pẹ̀lú. Ti ìbàdí tó ti ń há yín ló jẹ́ kí n gbà pé tiyín kì í ṣe omi lásán.

Bí oṣù méjì bá kọjá tí ẹ ti ń wọn gbogbo rẹ̀ tí kò sì sí ìyípadà, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ náà lọ bá dókítà. Ó wúlò fún un ju kí ẹ sọ pé ẹ kì í jẹun púpọ̀ lọ.

Ìbéèrè kejì

Ẹni ọdún 61 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja nìkan, síbẹ̀ mo fi kìlógíráàmù 3 wúwo sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bàtà kò wọ ẹsẹ̀ mi mọ́, mo sì ti ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn. Ṣé ẹja ni kí n dín kù?

Ìdáhùn

Bàbá, mo ti fèsì sí yín kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde, mo kàn tún un tẹ̀ síbí nítorí àwọn mìíràn tó lè wà ní irú ipò yín. Ẹja kọ́. Kò sí oúnjẹ tó ń di kìlógíráàmù 3 ọ̀rá láàárín ọjọ́ márùn-ún lára ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́, omi nìyẹn. Bí ìwọ̀n ara bá fò sókè pẹ̀lú kìlógíráàmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ wú, tí èèyàn kò sì lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ọkàn má máa fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, tàbí kí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ní ìṣòro. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan oògùn ìrora tí ẹ rà fúnra yín, nítorí pé irú bíi ibuprofen ń mú kí ara há omi mọ́ra. Bí èémí bá ń há yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.