Níbo ni "mama put" ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a máa ń jẹun ní gáréèjì Ṣágámù ń jiyàn, kí ló dé tí wọ́n ń pe ilé oúnjẹ ní bùkátéríà àti mama put?

Ìdáhùn: Bùkà, ọwọ́ àwọn Haúsá la ti gbà á, ahéré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn aláwàdà wá fi ìdí kafitéríà rán an. Mama put ní tiẹ̀, ẹ̀bẹ̀ oníbàárà ni, "màmá, ẹ bù sí i", wọ́n fi píjìn bẹ̀ ẹ́ títí ó fi dorúkọ ìyá olóúnjẹ (ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ràn lórí ìkọ́kọrẹ́ ṣá). Póìntì-ań-kíìlì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, ẹ ṣáà nàka sí ẹja àrọ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, ó parí fún un nìyẹn.