Ta ni Elizabeth Drinker, kí lojú rẹ̀ sì rí nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà?

Ará Philadelphia ni, ọmọ ìjọ Quaker, tí wọ́n bí ní 1735. Láti 1758 títí ó fi kú ní 1807 ló ń kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sílẹ̀.

Àwọn Quaker kì í jagun, wọn kì í sì í búra, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà fura sí wọn. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1777, wọ́n kó Henry ọkọ rẹ̀ àtàwọn mìíràn lọ sí Virginia láìgbẹ́jọ́. Oṣù yẹn náà làwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú. Nígbà tó yá, ọ̀gá ológun wọn kan, Crammond, kó wọlé obìnrin yìí tòun tẹṣin, màlúù, àgùntàn àti tòlótòló! Àwọn àlejò Crammond kì í tètè lọ lóru.

Ní Oṣù Kẹrin 1778, Elizabeth àti obìnrin mẹ́ta mìíràn wá George Washington, olórí ọmọ ogun Amẹ́ríkà, lọ sí ibùdó rẹ̀ ní Valley Forge, kí wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fáwọn tí wọ́n kó lọ. Ó gbà wọ́n lálejò, ó fún wọn lóúnjẹ, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òun. Kí oṣù tó parí, Henry ti délé.

Ìyà ò tíì tán o. Nígbà táwọn ará ìlú ń yọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì túúbá ní Yorktown ní 1781, àwọn jàǹdùkú fọ́ gíláàsì fèrèsé ilé Elizabeth tó tó bí 70, torí òun àti ìdílé rẹ̀ ò tan iná ayọ̀.